Ohun Tó Mira Nínú Àpò Ìtọ̀ Mi

Ọ̀sán ọjọ́ kan wà tí ọkàn mi kọ̀ láti gbàgbé, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo ti bẹ̀ ẹ́ títí. Ènìyàn mẹ́ta péré ni mo ti sọ ọ́ fún láti ìgbà náà, méjì nínú wọn kò sì gbà mí gbọ́. Mi ò dá wọn lẹ́bi. Bí ẹlòmíràn bá wá sọ irú rẹ̀ fún mi, màá bi í pé ta ló wà níbẹ̀, báwo ni yàrá náà ṣe mọ́lẹ̀ tó, àti pé ṣé ó jẹun kó tó kúrò nílé.

Ìparí àwọn ọdún 1980 ni, ní Ìjẹ̀bú-Òde. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ kẹ́kọ̀ọ́ físíìsì jáde ní yunifásítì, mo sì ti sin ilẹ̀ baba mi tán gẹ́gẹ́ bí agùnbánirọ̀. Ilé ìwòsàn kan nílùú náà gbà mí fún oṣù mẹ́ta láti máa tọ́jú ẹ̀rọ tuntun kan tí wọ́n fi ń wo inú ara láì fi abẹ kàn án. Ìró ni ẹ̀rọ náà ń lò, ìró tó ga ju èyí tí etí ènìyàn lè gbọ́ lọ. Ó máa rán ìró náà wọ inú ara, ìró á kan ẹran, á kan egungun, á padà wá, ẹ̀rọ á sì fi ìpadàbọ̀ rẹ̀ ya àwòrán. Èèyàn á wá rí inú ara ní dúdú àti àwọ̀ eérú, bí ẹni ń wo àdúgbò kan láti ojú fèrèsé nígbà tí òjò ń rọ̀.

Dọ́kítà tó jẹ́ ọ̀gá mi, ọkùnrin kúkúrú kan tí kì í gbé ohùn sókè, ló gbèrò pé kí a máa fi ẹ̀rọ yìí kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn tí wọ́n ń rán wá sọ́dọ̀ wa. Òkú ni wọ́n fi ń kọ́ wọn níbi tí wọ́n ti ń bọ̀, òkú tí wọ́n ti rẹ sínú oògùn títí tó fi gan bí awọ bàtà. Dọ́kítà ò ní nǹkan kan sí òkú, ṣùgbọ́n ó máa ń sọ pé, "Òkú kì í mí. Mo fẹ́ kí wọ́n rí bí kíndìnrín ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ nígbà tí ẹni tó ni ín bá mí sínú."

Ó sọ fún mi pé bí kíláàsì àkọ́kọ́ bá lọ dáadáa, òun á kọ lẹ́tà pé kí wọ́n gbà mí síṣẹ́ pátápátá. Bí kò bá lọ dáadáa, oṣù mẹ́ta mi máa pé ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́, màá sì kó ẹrù mi padà sí Ìbẹ̀fun lọ jókòó ti màmá mi. Kò sọ ọ́ bí ẹni tó ń halẹ̀. Ó kàn sọ ọ́ ni, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Èmi ni mi ò sùn dáadáa láti ọjọ́ náà.

Ìṣòro kan wà: ojú ẹ̀rọ náà kò ju àwo ọbẹ̀ lọ, ènìyàn mẹ́fà kò sì lè jọ wò ó. Mo wá ronú kan ọ̀nà kan. Mo fa wáyà tó ń gbé àwòrán jáde lára ẹ̀rọ náà, mo mú un gba inú ẹ̀rọ fídíò kọjá, mo so ó mọ́ tẹlifíṣọ̀n ńlá kan tí a yá nínú ọ́fíìsì akọ̀wé. Ojú ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ á ṣókùnkùn, ṣùgbọ́n gbogbo ènìyàn á rí àwòrán lórí tẹlifíṣọ̀n, fídíò á sì lè gbà á sílẹ̀. Ní ọjọ́ tó ṣáájú kíláàsì, a fi obìnrin aboyún kan dán an wò, ó sì gbà bẹ́ẹ̀ tayọ̀tayọ̀. Mo tilẹ̀ gbé máíìkì sẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì kí àlàyé Dọ́kítà lè wọ inú kásẹ́ẹ̀tì. Àwòrán náà dára débi pé ẹ̀rù bà mí kí ẹnìkan má lọ gba nǹkan mìíràn lé e lórí, ni mo bá ṣẹ́ etí kékeré tó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì náà. Kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní etí, kò sí bí wọ́n ṣe lè gba nǹkan lé e. Ẹni tó bá mọ̀ mí mọ̀ pé irú ènìyàn bẹ́ẹ̀ ni mí.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, àwọn akẹ́kọ̀ọ́ márùn-ún wọlé. Mo ti fi aṣọ dúdú bo fèrèsé kí àwòrán lè hàn. Òjò ṣú níta, afẹ́fẹ́ kò sì sí. Yàrá náà ṣókùnkùn ju bí mo ṣe fẹ́ lọ, ariwo kan ṣoṣo tó wà níbẹ̀ sì ni ti ẹ̀rọ náà, tó ń kùn lábẹ́lẹ̀ bí ẹni tó ń rántí nǹkan.

"Ta ló máa dùbúlẹ̀?" Dọ́kítà béèrè.

Ràúfù, ọmọ Ìjẹ̀bú-Igbó kan tó ga bí òpó, ń wo bàtà rẹ̀.

"Ràúfù, ìwọ lo sún mọ́ bẹ́ẹ̀dì jù," Fọlákẹ́ sọ. Òun nìkan ni obìnrin nínú wọn.

"Mo lè sún sẹ́yìn."

"Kí ló wà nínú ẹ tó ò fẹ́ ká rí?"

"Ìyá tó bí mi gan-an ò tíì wò ó," Ràúfù fèsì. "Ṣé ìwọ ló wá yẹ kó kọ́kọ́ wò ó?"

Wọ́n rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bọ́ ẹ̀wù. Mo ti rò ó tẹ́lẹ̀ pé bẹ́ẹ̀ ló máa rí. Mo sì mọ̀ pé Dọ́kítà á fẹ́ fi àpò ìtọ̀ hàn wọ́n, àpò ìtọ̀ kì í sì í hàn dáadáa bí kò bá kún. Nítorí náà, kí n tó wá, mo ti mu omi ife mẹ́fà fún ìdánilójú. Mo bọ́ ẹ̀wù mi, mo tú bẹ́líìtì, mo dùbúlẹ̀. Inú Dọ́kítà dùn. Mo rí lẹ́tà mi lójú rẹ̀.

Ó da jẹ́ẹ̀lì sí mi níkùn. Ó tutù bí ọwọ́ tí kì í ṣe ti alààyè. Lẹ́yìn náà ó gbé ọwọ́ ẹ̀rọ lé mi lára, ìyẹn nǹkan tí wọ́n ń dì mú tí wọ́n fi ń wo ara, mo sì yí orí mi wo tẹlifíṣọ̀n, mo rí inú ara mi.

Mi ò mọ bí mo ṣe lè sọ ọ́ láì sọ àsọdùn. Ẹ̀dọ̀ mi wà níbẹ̀, ó tẹ́ lọ gbẹrẹrẹ, àwọn iṣan dúdú sì gba inú rẹ̀ kọjá bí ojú ọ̀nà tí kò sẹ́ni tó ń rìn níbẹ̀. Kíndìnrín mi yọ láti ẹ̀yìn rẹ̀. Dọ́kítà ní kí n mí sínú, mo mí, ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá pàdé wa, ó dúró, ó tún padà lọ. Àwọn nǹkan wọ̀nyí ti ń ṣe iṣẹ́ wọn láti ọjọ́ tí wọ́n ti bí mi, wọn ò bi mí léèrè nǹkan kan rí. Ó dà bí ìgbà tí ènìyàn ṣí ilẹ̀kùn yàrá kan nínú ilé ara rẹ̀, tó bá àwọn àlejò tó ti ń gbé ibẹ̀ tipẹ́.

Mátíróònù kan ilẹ̀kùn. Wọ́n ń fẹ́ Dọ́kítà ní yàrá ìgbẹ̀bí, kíákíá.

"Ràúfù, gba ọwọ́ ẹ̀rọ," Dọ́kítà sọ. "Ẹ wá àpò ìtọ̀ rẹ̀. Ẹ gbà á sínú kásẹ́ẹ̀tì kí n lè wò ó tí mo bá dé."

Ó jáde. Èmi ò lè dìde, jẹ́ẹ̀lì ti kún mi lára. Mo ní, "Fọlákẹ́, kásẹ́ẹ̀tì méjì wà lórí tẹlifíṣọ̀n yẹn. Ẹ bá mi fi èyí tó wà lókè sínú fídíò."

Ó mú èyí tó wà lókè, ó fi í sí i. Fídíò gbé e mì. Ojú tẹlifíṣọ̀n ṣẹ́jú lẹ́ẹ̀kan, ó funfun, ó sì tún ṣókùnkùn. Mi ò ro nǹkan kan sí i.

Ràúfù gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sí ìsàlẹ̀ ìdodo mi, ó sì tẹ̀ ẹ́.

"Ẹ rọra," mo ní. "Ó ti kún."

Àwòrán náà yọ díẹ̀díẹ̀. Omi dúdú ni, adágún kan báyìí, ó dákẹ́ rọ́rọ́, etí rẹ̀ sì mọ́lẹ̀.

"Àpò ìtọ̀ nìyẹn," Ràúfù sọ.

"Ó mà tóbi o," ọ̀kan nínú wọn sọ.

"Omi ife mẹ́fà ni," mo ṣàlàyé fún wọn. Mi ò lè parọ́, inú mi dùn sí i.

Fọlákẹ́ sún mọ́ tẹlifíṣọ̀n. "Nǹkan funfun wo ló wà nísàlẹ̀ yẹn?"

Gbogbo wa wò ó. Nǹkan kan wà ní ìsàlẹ̀ omi náà lóòótọ́. Ó ká kò bí ológbò tó sùn.

"Bóyá òkúta ni," Ràúfù sọ. "Òkúta máa ń wà nínú àpò ìtọ̀. Wọ́n kọ́ wa."

Òkúta náà gbé ọwọ́ sókè.

Mo fẹ́ kí ó yé ẹni tó ń ka ìwé yìí pé mi ò gbà bẹ́ẹ̀ ní wàràwàrà. Dọ́kítà ti fi hàn wá pé ohun tó wà nínú ara máa ń bá èémí rìn, nítorí náà mo di èémí mi mú. Bí ó bá jẹ́ pé èémí mi ló ń mì í, ó yẹ kó dúró. Mo ṣì gbà títí dòní pé ìdánwò gidi ni. Kò dúró. Ó na ẹsẹ̀ kan, ó sì tún ká a padà. Láàárín àyà rẹ̀, ìmọ́lẹ̀ kékeré kan ń tàn, ó ń kú, ó ń tàn, ó ń kú. Mo fi ìka kan iṣan ọwọ́ mi, mo sì kà á. Àyà mi ń sáré gan-an, ṣùgbọ́n ìmọ́lẹ̀ náà yára jù ú lọ dáadáa. Kì í ṣe tèmi. Ọkàn ẹlòmíràn ni.

"Ọ̀gá Ẹ̀rọ," Fọlákẹ́ pè mí. Orúkọ tí wọ́n fún mi nìyẹn. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ṣé èébì máa ń gbé yín láàárọ̀?"

"Rárá," mo ní. Lẹ́yìn náà mo rò ó dáadáa. "Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó gbé mi díẹ̀."

Ọ̀kan nínú àwọn tó kù mí kanlẹ̀.

"Ràúfù," mo ní, "gbé e kúrò lára mi."

Ràúfù gbé ọwọ́ ẹ̀rọ náà sókè. Ó gbé e ga ju orí rẹ̀ lọ, jẹ́ẹ̀lì ń kán sílẹ̀ lára rẹ̀. Kò sí ohun tó kàn mí lára mọ́. Àwòrán náà kò kúrò. Ó wà níbẹ̀ lórí tẹlifíṣọ̀n, nínú omi rẹ̀, ó ń mira pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó sì yí ojú sí wa.

Ì bá sàn bí ẹnìkan bá ti kígbe. Gbogbo wa kàn dúró bẹ́ẹ̀ ni, òun ń wò wá, àwa ń wò ó. Ohùn obìnrin kan wá jáde nínú òkùnkùn náà, jẹ́jẹ́, bí ẹni tí kò fẹ́ jí ọmọ.

"Ṣé ó ń gbọ́ wa?"

Mi ò lè sọ ẹni tó kọ́kọ́ dé ẹnu ọ̀nà. Ohun tí mo mọ̀ ni pé Ràúfù sá lọ tòun ti ọwọ́ ẹ̀rọ, ó gbàgbé pé wáyà wà nídìí rẹ̀. Nígbà tí wáyà náà nà tán, ó fà á padà, ó sì gbà pé nǹkan ti di òun mú. Ó ń ké kálímà, ó ń bẹ nǹkan náà pé òun kọ́ ló ń wá, akẹ́kọ̀ọ́ lásán ni òun. Mo gba orí bẹ́ẹ̀dì kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó yẹ kí n dúró tú u sílẹ̀, mi ò dúró.

Àwọn aboyún tó wá fún àyẹ̀wò ló jókòó lórí bẹ́ǹṣì ní ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọ́n rí akẹ́kọ̀ọ́ aláṣọ funfun mẹ́rin tó sáré kọjá, wọ́n sì rí mi tí mo tẹ̀ lé wọn, láì wọ ẹ̀wù, láì wọ bàtà, mo fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú, mo fi èkejì gbá ikùn mú.

"Kí ló dé?" ọ̀kan nínú wọn béèrè.

Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ náà, tí mi ò tíì mọ ẹni tó jẹ́ títí dòní, dáhùn láì wẹ̀yìn pé, "Ó lóyún."

Àwọn obìnrin náà wò mí láti òkè délẹ̀. Ìyá àgbàlagbà kan tó bá ọmọ rẹ̀ wá sún díẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá orí bẹ́ǹṣì lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Ẹ wá jókòó," ó ní. "Ìdúró ò dáa fún yín."

Mo fẹ́ jókòó. Òtítọ́ ọ̀rọ̀ nìyẹn. Ibi tí mo ti ń bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ ni mo ti gbọ́ ohùn ọkùnrin kan nínú yàrá tí a ti sá jáde, ọkùnrin tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó mọ gbogbo nǹkan.

"Ẹ má fi ọwọ́ kan máíìkì yẹn mọ́, mà. Mo fẹ́ kí ohùn yín dún dáadáa."

Ohùn mi ni. Mo wà níta, mo dá ara mi lójú pé mo wà níta, nítorí sìmẹ́ńtì tutù lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Síbẹ̀ mo wà nínú yàrá yẹn, mo ń sọ̀rọ̀, ọkàn mi sì balẹ̀ dáadáa níbẹ̀. Mo rò ó pé bóyá bí wọ́n ṣe ń kú nìyẹn. Ohùn Dọ́kítà wá dá obìnrin náà lóhùn nínú yàrá kan náà pé, "Ó ṣeé ṣe kó máa gbọ́ wa, mà." Àmọ́ Dọ́kítà fúnra rẹ̀ ló ń rìn bọ̀ láti òdìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀ yẹn, tó ń nu ọwọ́. Ó gbọ́ ohùn ara rẹ̀, ó sì dúró. Àwa méjèèjì dúró bẹ́ẹ̀, a ń gbọ́ ara wa.

Ìgbà yẹn ni ọpọlọ mi tó padà dé. Kásẹ́ẹ̀tì àná ni, ọmọ inú aboyún yẹn la sì ti ń wò.

Dọ́kítà wọlé, ó tan iná, ó tú Ràúfù sílẹ̀, ó sì pa fídíò. Ó yẹ ọwọ́ ẹ̀rọ wò láti òkè délẹ̀, kò fọ́. Ó pe àwọn yòókù padà. Wọ́n tò sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri.

"Ta ló fi kásẹ́ẹ̀tì yìí sí i?"

Fọlákẹ́ gbé ọwọ́ sókè.

"O rò pé eré la wá ṣe níbí? O dá ẹ̀rù ba àwọn ẹgbẹ́ rẹ, o fẹ́rẹ̀ẹ́ ba ẹ̀rọ tí gbogbo ìlú ń lò jẹ́. Kó ìwé rẹ. Màá kọ̀wé sí àwọn tó rán ọ wá."

Fọlákẹ́ wá wò mí.

Mo gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀wò. Òun ló fi kásẹ́ẹ̀tì sí i, òtítọ́ ni. Èmi ò ní kó fi kásẹ́ẹ̀tì àná sí i, òtítọ́ ni ìyẹn náà. Gbogbo gbólóhùn tí mo tò sínú ló jẹ́ òtítọ́, ṣùgbọ́n tí mo bá kó wọn jọ, irọ́ ni wọ́n ń pa. Ọjọ́ Jímọ̀ọ́ ku ọjọ́ mẹ́ta. Omi ife mẹ́fà sì wà nínú mi, tí kò jẹ́ kí n lè ronú pẹ́.

"Dọ́kítà," mo ní, "èmi ni. Mo ní kó mú èyí tó wà lókè, èmi ni mo sì to kásẹ́ẹ̀tì méjèèjì. Mo ṣẹ́ etí ti àná kó má baà parẹ́. Ẹ̀rọ fídíò yìí, bí kásẹ́ẹ̀tì tí kò ní etí bá ti wọ inú rẹ̀, á kàn bẹ̀rẹ̀ sí í fi í hàn fúnra rẹ̀ ni. Wọ́n kọ ọ́ sínú ìwé rẹ̀."

"O ka ìwé náà?"

"Mo kà á, sà. Mo rò pé apá ibẹ̀ yẹn kò ṣe pàtàkì."

Ó yọ kásẹ́ẹ̀tì náà jáde nínú fídíò. "Nígbà tí Ràúfù gbé ọwọ́ ẹ̀rọ kúrò lára rẹ, tí àwòrán ò kúrò, kí lo rò?"

Mo lè pa irọ́ síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa mọ̀. "Mo rò pé kò nílò ẹ̀rọ mọ́, sà."

"Ìwọ tó o ka físíìsì."

"Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

"Lọ tọ̀," ó ní.

Nígbà tí mo padà dé, Fọlákẹ́ ti jókòó síbi tó wà tẹ́lẹ̀, Dọ́kítà sì ti bẹ̀ ẹ́ níwájú gbogbo wọn. A tún bẹ̀rẹ̀ kíláàsì. Mo tún dùbúlẹ̀, ṣùgbọ́n kò sí nǹkan kan ní ìsàlẹ̀ ìdodo mi mọ́ tí ẹnikẹ́ni lè wò.

Ní ọjọ́ Jímọ̀ọ́, mo gba lẹ́tà. Kì í ṣe èyí tí mo ń retí. Oṣù mẹ́ta mìíràn ni wọ́n fi kún un fún mi, Dọ́kítà sì fi ọwọ́ kọ ọ́ sí ìsàlẹ̀ pé láti ìsinsìnyí lọ, kí n máa gbé ọwọ́ ẹ̀rọ sókè sínú afẹ́fẹ́ ní ìbẹ̀rẹ̀ kíláàsì kọ̀ọ̀kan, kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kọ́kọ́ rí i pé òfìfo ni òfìfo. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo ti múra Ìbẹ̀fun sílẹ̀.

Àṣé kò sí ìdí tó fi yẹ kí n lọ. Ní Sátidé, màmá mi fúnra rẹ̀ dé. Olùkọ́ ilé-ẹ̀kọ́ ìjọ ni tẹ́lẹ̀ kó tó fẹ̀yìn tì, kì í sì í gba àhesọ gbọ́. Ó jókòó, ó gbé báàgì lé ẹsẹ̀.

"Wọ́n ní ọkùnrin kan lóyún nílé ìwòsàn yín."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀, mà?"

"Ọjà Òkè-Ajé ni wọ́n ti gbọ́ ọ. Wọ́n ní ó jẹ́ ọmọ Ìbẹ̀fun, pé ó tínrín, kì í sì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Mo ní kí n wá bi ọ́ bóyá o mọ̀ ọ́n."

Mo ṣe àlàyé fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Mo ya wáyà, tẹlifíṣọ̀n àti fídíò sórí ìwé fún un. Ó bi mí ní ìbéèrè mẹ́ta, gbogbo wọn ló sì mú ọgbọ́n dání.

"Ó yé mi," ó ní. "Fídíò ni."

"Fídíò ni, mà."

Ó gbé báàgì rẹ̀ sílẹ̀. "Dìde, kí n wo ẹ̀gbẹ́ rẹ."

Ó yẹ kí n kọ̀. Mo ní ìwé-ẹ̀rí, mo ní àwòrán, mo ní lẹ́tà Dọ́kítà. Mo dìde, mo fi ẹ̀gbẹ́ sí i. Ó wò mí dáadáa, ó sì mi orí pé ó dára. Ìgbà yẹn ni mo ṣàkíyèsí pé èmi náà ti tẹ orí mọ́lẹ̀, mo ń wo ikùn mi.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò pọ̀. Ìkíní, kí n máa ka ìwé ẹ̀rọ tán, pàápàá ibi tí mo bá rò pé kò ṣe pàtàkì. Èkejì, kí n má fi ẹni tó gba nǹkan àjèjì gbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, nítorí mo ti mọ bí ó ṣe ń rí: ojú á ti gbà á tán kí ọgbọ́n tó dìde lórí àga. Tí mo bá rántí Ràúfù pẹ̀lú wáyà rẹ̀ àti ìyá tó sún fún mi lórí bẹ́ǹṣì, mo máa ń rẹ́rìn-ín, èmi nìkan, títí omi á fi bọ́ lójú mi. Mo kàn máa ń kọ́kọ́ fi ọwọ́ kan ikùn mi ná ni.